Bí Ọdẹ́níran Ṣe Wá Oníjàálá Tí Ó Pa Lẹ́nu Mọ́ Lọ

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, nítorí ohùn àgbà kì í rìn jìnnà mọ́, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí a ń pariwo sọ. Èmi náà ti ṣe ọdẹ rí. Mo ti bá ìnàkí jìjàkadì nígbà tí eyín mi pé, mo sì ti sùn ti òjòlá tí ó rò pé aya òun ni mí, ṣùgbọ́n ìtàn tèmi kọ́ ni ti òní. Ti Ọdẹ́níran ni, ọmọ Ọlọ́ta-Kan, ará Òkè-Ìgbín, ọkùnrin tí ó fẹ́ràn ohun kan títí tí ó fi fi ìfẹ́ náà pa á lára. Ẹni tí kò bá ṣe irú rẹ̀ rí nínú yín, kí ó máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá ti ṣe é, kí ó wolẹ̀ bí mo bá dé ibẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, kò sí ohun tí àwọn ará Òkè-Ìgbín fẹ́ràn tó ìjálá, kò sì sí oníjàálá tí wọ́n fẹ́ràn tó Ògúnwándé. Bí ọkùnrin yìí bá ń sun ìjálá ẹkùn, àwọn ajá a ki ìrù bọ àárín itan; bí ó bá sì kan ti àgbọ̀nrín, àwọn ìyá arúgbó a bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn bí ẹni tí ó tún di omidan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ tó. Àwọn kan ní ìjálá ẹfọ̀n rẹ̀ ló pegedé, àwọn kan ní ti ọ̀bọ ni. Àwọn kan ní ọdún méje sẹ́yìn ni ohùn rẹ̀ dùn jù, pé láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti mọ ọbẹ̀ sè ni ó ti ń sun ìjálá bí ẹni tí ó yó. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà tí wọn kò jùmọ̀ jẹun fún ọdún mẹ́ta nítorí pé ẹ̀gbọ́n ní ìjálá ẹtu ti gùn jù. Síbẹ̀, bí àlejò bá ti ìlú mìíràn wá, tí ó ní Ògúnwándé kò mọ̀ ọ́n sun, àwọn kan náà tí wọ́n ti ń bú u láti òwúrọ̀ ni yóò dìde láti na àlejò náà. Ẹni tí ó ni ajá ni í pè é ní olè. Bí aládùúgbò bá pè é bẹ́ẹ̀, ìjà dé.

Àṣà kan sì wà nínú agbo ìjálá. Bí oníjàálá bá ń sun ún lọ, tí ẹnikẹ́ni bá gbà pé ó ti ṣì í, ẹni náà láṣẹ láti dìde kí ó wí pé, “Irọ́ lo pa, kò rí bẹ́ẹ̀.” Kò sí àgbà kò sí èwe níbẹ̀, ‘ìwọ’ ni gbogbo ènìyàn ń jẹ́ nínú agbo. Ṣùgbọ́n bí olùtakò bá ti sọ tirẹ̀ tán, gbogbo agbo yóò dákẹ́, oníjàálá yóò sì fèsì. Yóò sọ ẹni tí ó kọ́ ọ, yóò sọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ, yóò fi olùtakò ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, àwọn ènìyàn yóò rẹ́rìn-ín, ìjálá yóò sì máa bá a lọ, yóò tilẹ̀ dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àtakò ni òkúta tí a fi ń pọ́n ọ̀bẹ, èsì ni omi tí a ń ta sí i. Ẹni tí ó bá ń pọ́n ọ̀bẹ láìta omi, iná ni yóò rí, kò ní rí ẹnu ọ̀bẹ.

Ọdẹ́níran ni olórí gbogbo olólùfẹ́ Ògúnwándé. Ogún ọdún gbáko ni ó fi tẹ̀lé e láti agbo dé agbo. Ní ọjọ́ ọdún Ògún kan, oníjàálá yìí mú ìjálá ẹfọ̀n, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó ki bàbá Ọdẹ́níran mọ́ ọn. Ó ní:

“Ẹfọ̀n Odò-Àbàtà, abìwo-bí-ọrun,
A-pa-ọdẹ-mẹ́sàn-án-má-mí-hẹlẹ,
Ọta kìn-ín-ní tàsé,
Ọta kejì ni bàbá Ọdẹ́níran fi gbé e sùn.”

Ìlú mẹ́fà ló mọ̀ pé ọta kan ni bàbá yìí fi pa ẹfọ̀n náà. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é ní Ọlọ́ta-Kan, nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi ń dìde fún Ọdẹ́níran bí ó bá wọlé. Ṣùgbọ́n bàbá ti pe ọmọ sí ìdí ẹní àìsàn kí ó tó kú, ó ti sọ fún un pé ọta méjì ni. Pé nígbà tí ti àkọ́kọ́ tàsé, òun ju ìbọn nù, òun gun igi, òun sì sọkún, òun ń ké pe ìyá òun. Nítorí náà, Ọdẹ́níran mọ̀ pé òtítọ́ ni Ògúnwándé sọ. Ó mọ̀ ọ́n bí ó ti ń dìde, ó mọ̀ ọ́n bí ó ti ń yanu.

“Irọ́ lo pa,” ni ó wí. “Ọta kan ni.”

Ògúnwándé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sókè. “Ìwọ Ọdẹ́níran, jókòó, kí o gbọ́ ẹnu ẹni tí mo ti gbọ́ ọ.”

Ẹ̀rù ba Ọdẹ́níran pé ọ̀rọ̀ fẹ́ hú síta. Dípò kí ó jókòó, ó ṣẹ́jú sí Ọdẹ́yalé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí ilé bá ń wó. Ni Ọdẹ́yalé bá figbe ta, “Kò rí bẹ́ẹ̀,” ni ogún ènìyàn bá gbè é, ni igba bá gbà á lẹ́nu wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ògúnwándé yanu láti fèsì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ariwo bo ẹnu rẹ̀. Ní ìkẹyìn ó fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lélẹ̀, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, a kò gbúròó rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ ṣe lámèyítọ́ ìyẹn náà: àwọn kan ní ìgbéraga ni, àwọn kan ní ó pẹ́ tí ó ti yẹ kí ó sinmi. Ọdẹ́níran nìkan ni oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀. Ó lọ sí ilé oníjàálá, ó bá ìyàwó rẹ̀ níbi tí ó ti ń bó ẹ̀gúsí.

“Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ọdẹ́tọ́lá. Ẹ̀gbọ́n wa ńkọ́?”

“Èwo nínú wọn? Èyí tí ẹ ń yìn ni, àbí èyí tí ẹ ń bú?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi wí.”

“N kò bá ọ wí, ìbéèrè ni mo bi ọ́. Ọkọ mi wọlé, ó yanu kí ó kí mi, ohùn kò jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé àpò, ó kọjú sí Igbó Ìpalọ́lọ́. N kò tilẹ̀ sunkún. Mo mọ̀ pé bí mo bá sun ún, ẹ óò wá sọ fún mi pé bí a ti ń sun ún kọ́ nìyẹn.”

Ọdẹ́níran kò dúró gba omi mu. Ó múra ọdẹ, ó gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì wọ Igbó Ìpalọ́lọ́, igbó tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ kí ó tún bọ̀ bí ó ti lọ.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ dí i lọ́nà ni iwin kan tí ń jẹ́ Elétí-Méje. Ẹnu rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n etí méje ni ó yí orí rẹ̀ ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ewé kókò. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó wọ̀nyí ìbá ti máa sá bọ̀ wálé. Ọdẹ́níran kò sá. Ó na ìka sí iwin náà, ó ní, “Èmi Ọdẹ́níran, ọmọ Ọlọ́ta-Kan, kúrò lọ́nà fún mi.” Kíá ni gbogbo etí náà pa dé bí ìlẹ̀kùn, igbó sì ṣú dùdù mọ́ ọn lójú. Ó tún ara rẹ̀ kì, wọ́n tún pa dé. Ó fi ìbọn halẹ̀, ìbọn kò dún. Wọ́n wọ ìjàkadì, Elétí-Méje gbé e sọ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó sì fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ láyà.

“Àwọn etí mi kì í gba irọ́,” ni iwin náà wí pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín. “Dá mi lóhùn. Ó jẹ ọbẹ̀ tán, ó bú ìkòkò. Ó bú ìkòkò tán, ó bá ẹni tí ó fẹ́ fọ́ ọ jà. Ní ìkẹyìn, òun fúnra rẹ̀ ló fọ́ ọ. Kí ni orúkọ rẹ̀?”

Ọdẹ́níran ní ológbò ni, etí pa dé. Ó ní orogún ni, etí pa dé. Ó ní àlejò aláìmoore ni, wọ́n pa dé síbẹ̀. Ìgbà tí èémí fẹ́ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, “Ọdẹ́níran ni orúkọ rẹ̀.” Etí méjèèje ṣí gbàyà, ìmọ́lẹ̀ tú jáde láti inú wọn, ọ̀nà sì là.

Ọ̀nà náà gbé e dé Ìlú Aláríwísí. Ẹní ńlá kan ni a tẹ́ sí àárín ìlú yìí, ẹnikẹ́ni kò jókòó lórí rẹ̀, gbogbo ìlú sì rọ̀gbà yí i ká, wọ́n ń jiyàn.

“Ìdákẹ́ ti òní kò dára tó ti àná,” ni arákùnrin kan wí.

“Ti àná gan-an,” ni ìyá kan fèsì, “ó wọ́ lápá kan. Àwọn bàbá wa mọ ìdákẹ́.”

Ọdẹ́níran bi wọ́n pé ta ni ń kọrin ní ìlú yìí. Wọ́n ní ó ti tó ìran méje tí ẹnikẹ́ni ti kọrin kẹ́yìn, pé àwọn ti mọ orin ju kí àwọn máa kọ ọ́ lọ. Baálẹ̀ wọn wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, “Àlejò, ojú rẹ jọ ti ara wa. Oníjàálá mélòó ni o ti parí?”

Ọdẹ́níran tẹrí ba. “Ọ̀kan.”

“Ọ̀kan ṣoṣo? Ṣé ẹni ńlá ni?”

“Kò sí irú rẹ̀ láyé.”

Ni gbogbo ìlú bá pàtẹ́wọ́. Wọ́n tẹ́ àga fún un, wọ́n ní kò níí lọ mọ́, pé òun ni àwọn yóò fi jẹ olórí lámèyítọ́. Wọ́n sì mú un lọ wo ohun àmúyangàn wọn: bàbá arúgbó kan tí ó jókòó nínú àgbàlá, àrọ́mọdọ́mọ akọrin ìlú náà ìgbàanì, tí wọ́n ti tọ́ sọ́nà láti kékeré. Wọ́n ní gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá ti ní àbùkù ni àwọn ń yọ kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó wá ku ẹyọ kan tí àbùkù kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí ó sọ ọ́ fún àlejò.

Bàbá náà wo Ọdẹ́níran lójú, omi lé rọ́rọ́ sí ojú tirẹ̀. Ó ní, “Ẹ.”

“Ó fà á jù,” ni Baálẹ̀ wí.

Ọdẹ́níran kò mọ ìgbà tí ó bẹ́ sí ìta. Ó sáré títí ìlú náà fi pòórá lẹ́yìn rẹ̀, ó wólẹ̀ sínú koríko, ó sunkún bí ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú. Lẹ́yìn náà ó yọ ọ̀bẹ ọdẹ rẹ̀, ó fi eyín iwájú gé irin náà, ó sì fi Ògún búra pé òun kò tún níí tako oníjàálá kankan mọ́ títí òun yóò fi kú. Ó rò pé ìbúra yóò mú kí ọkàn òun fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Ìbúra tí ènìyàn dá nìkan bú kò tó ẹ̀bẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ó gun Òkè Ìpalọ́lọ́, ó sì gbọ́ ohùn kan. Àwọn iwin jókòó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọn kò mí, orí nìkan ni wọ́n ń mì, Ògúnwándé sì wà lórí àpáta láàárín wọn, ó ń sun ìjálá. Bí ó ti rí Ọdẹ́níran, ó dákẹ́.

“Ọdẹ́níran, ṣé o wá parí iṣẹ́ rẹ ni?”

Ọdẹ́níran dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé.”

“Ilé. Níhìn-ín ni ohùn mi ti jáde padà, kò sì sí ẹni tí ó ní irọ́ ni mo pa. Lánàá mo dán wọn wò, mo ní ẹkùn a máa yé ẹyin. Wo ẹ̀yìn rẹ.”

Ọdẹ́níran bojú wẹ̀yìn, ó rí ẹkùn kan tí ó sàba lórí ẹyin mẹ́ta, tí ìtìjú sì bò ó.

“Ohun tí mo bá ti sọ níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí,” ni Ògúnwándé wí. “Ohùn mi ń kú, àbúrò mi. Ẹ̀yin fi ariwo pa á, àwọn wọ̀nyí ń fi orí mímì sin ín.”

Ọba wọn, Olúpalọ́lọ́, tí irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́ kìkì òwú aláǹtakùn, bá sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ohun tí kò lábùkù, tiwa ni. Ohun tí ó lábùkù, ti ọmọ ènìyàn ni. Yóò sun ìjálá. Bí o bá rí àbùkù kan tòótọ́ nínú rẹ̀, máa mú un lọ. Bí o kò bá rí i, ẹ̀yin méjèèjì di tiwa.”

Ìbúra Ọdẹ́níran há a lọ́fun bí egungun ẹja. Ògúnwándé bẹ̀rẹ̀. Ó ki erin, erin dé; ó ní ọ̀nì ń fò, ọ̀nì fò kọjá lórí wọn. Àbùkù wo ni ènìyàn yóò rí nínú ohun tí ó ń ṣẹ lójú ẹni? Oòrùn yẹ̀ àtàrí. Nígbà náà ni oníjàálá tẹ ojú mọ́ ọn, ó sì mú ìjálá ẹfọ̀n:

“Ẹfọ̀n Odò-Àbàtà, abìwo-bí-ọrun,
Ọta kan ṣoṣo
Ni bàbá Ọdẹ́níran fi gbé e sùn.”

Lójú ẹsẹ̀, bàbá Ọdẹ́níran yọ láàárín igi. Kì í ṣe arúgbó tí ó kú lórí ẹní àìsàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, àyà rẹ̀ gbòòrò, ẹfọ̀n náà nà gbalaja lẹ́sẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ kan péré. Kò sọkún rí, kò gun igi rí. Ó rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀. Ọdẹ́níran rí i pé bí òun bá ti lè dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí títí ayé. Ìbúra òun kò níí bàjẹ́, orúkọ bàbá òun kò níí wọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni yóò san án, ẹnì kejì sì ń wò ó láti orí àpáta.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò mọ ohun tí ẹ̀yin ìbá ṣe. Mo mọ̀ pé èmi alára, tí mo bá ìnàkí jà, ìbá dákẹ́.

Ọdẹ́níran dìde. “Irọ́ lo pa,” ni ó wí. “Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọta méjì ni.”

“Ta ni ẹlẹ́rìí rẹ?” ni Olúpalọ́lọ́ bi í.

“Ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ. Mo sì mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ tí mo pè é ní irọ́ lójú agbo.”

Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá rẹ̀. Ó wo ọmọ náà fún ìgbà díẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì pòórá. Eyín tí Ọdẹ́níran fi gé irin já bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Olúpalọ́lọ́ mí kanlẹ̀. “Alábùkù ni,” ni ó wí. “Ẹ máa lọ.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rìn padà. Ìgbà tí wọ́n ń wo òrùlé Òkè-Ìgbín lọ́ọ̀ọ́kán ni Ògúnwándé tó dúró.

“Ìyá rẹ ló sọ fún mi,” ni ó wí. “Mo rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta lọ bá a ní ìlú àwọn ènìyàn rẹ̀, mo ní mo fẹ́ fi ìjálá dá ọ lọ́lá, nítorí ogún ọdún tí o ti ń tẹ̀lé mi. Ta ni kò lè yin ọta kan? Ẹni tí ó ti sọkún lórí igi, tí ó tún sọ̀kalẹ̀ wá gbé ìbọn rẹ̀, tí ẹfọ̀n náà sì ń bẹ nísàlẹ̀, òun ni ọdẹ. Ohun tí mo fẹ́ fi fèsì nìyẹn.”

Ọdẹ́níran kò lè gbé ojú sókè. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí.”

“Àwọn iwin ti gbọ́ ọ,” ni Ògúnwándé wí. “Àwọn ará ilé kò tíì gbọ́.”

Ní ọdún Ògún tí ó tẹ̀lé e, agbo kún débi pé abẹ́rẹ́ kò ríbi bọ́ sí. Kí Ògúnwándé tó yanu ni àwọn kan ti ní ó ti rù jù. Ó sun ìjálá títí ó fi kan ẹfọ̀n Odò-Àbàtà. Bí ó ti dé ibi iye ọta, ó dákẹ́, ó sì na ìrùkẹ̀rẹ̀ sí Ọdẹ́níran.

Ọdẹ́níran dìde. Kò ní ohùn rere kan, afẹ́fẹ́ sì ń gba ojú eyín tí ó yọ. Ó ní, “Ọta kìn-ín-ní tàsé. Ọta kejì ni bàbá mi fi gbé e sùn.”

Ọdẹ́yalé fò sókè láti ọ̀kánkán. “Irọ́ lo pa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ ọmọ tí ń ba orúkọ bàbá rẹ̀ jẹ́.” Ariwo sì bẹ̀rẹ̀, ogún ènìyàn, igba ènìyàn. Ọdẹ́níran yanu, ariwo bò ó. Ó tún yanu, ó tún bò ó. Ìgbà náà ni ó mọ bí ó ti rí láti dúró sí ibi tí ọkùnrin yẹn dúró sí, ó sì fẹ́ jókòó.

Ògúnwándé gbé ọwọ́ sókè. “Ọdẹ́yalé, o ti sọ tìrẹ,” ni ó wí. “Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló kù. Ẹ jẹ́ kí ó fèsì.”

Agbo dákẹ́ díẹ̀díẹ̀, láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, títí a fi gbọ́ ewé tí ó ń já bọ́. Ọdẹ́níran nu ojú rẹ̀. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, láìyára, bí bàbá òun ti ju ìbọn nù, tí ó sì gun igi.